Bàbá wa kọ̀ láti lọ yẹ prọ́sítéètì wò, ẹ̀yin ará Iléṣà àti Ifẹ̀ ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ_Ìsọ̀kún kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo dẹ̀ mọ̀ pé ẹlòmíì níbí á ti rí irú ẹ̀ rí. Bàbá mi ti lé ní 60, Iléṣà ni wọ́n ń gbé, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ara wọn le koko, wọ́n ṣì máa ń lọ oko lọ́nà Ìbòdì lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n jọ bí, bàbá wa àgbà, jẹjẹrẹ prọ́sítéètì, ìyẹn nǹkan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ló mú wọn lọ. Kó tó di pé a mọ̀ pé òun ni, gbogbo wa la gbà pé làkúrègbé ni, torí ẹ̀yìn àti ìbàdí ni wọ́n ṣáà ń sọ pé ó ń ro wọ́n, wọ́n mu agbo làkúrègbé, wọ́n mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹnì kan tún ń wá bá wọn fi òróró wọ́ ọ lálaalẹ́, àfìgbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì ò gbé wọn mọ́ la tó gbé wọn lọ sọ́síbítù, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá sọ fún wa pé ó ti wọ eegun ẹ̀yìn. Bàbá mi wà níbẹ̀ o. Àwọn gan-an ló ń gbé ẹ̀gbọ́n wọn wọ mọ́tò.

Ẹni tó fojú ara ẹ̀ rí èyí, ṣé kò yẹ kó sáré lọ yẹ tiẹ̀ wò? Rárá o. Mo ti sọ ọ́ títí, ìyá mi ti sọ ọ́ títí, ìdáhùn wọn ò ju "àìsàn tí ò wá mi, kí ni mo ń wá a kiri sí?" Ìgbà míì wọ́n á ní àwọn ń tọ̀ dáadáa, kò sóhun tó ń ṣe àwọn. Nígbà tí mo wá tẹnu mọ́ ọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bínú, wọ́n ní ṣé èmi ọmọ àwọn obìnrin ni mo wá ń bá àwọn sọ̀rọ̀ nǹkan abẹ́ àwọn, ẹ̀kọ́ ilé wo nìyẹn. Ojú tì mí, mo dákẹ́. Àmọ́ ohun tó wà nídìí ẹ̀ gan-an, àbúrò mi ọkùnrin ló tú u fún mi: ẹnì kan ní mítíǹgì láńlọ́ọ̀dù wọn ló sọ fún wọn pé ìka ni dókítà máa ń tì bọ èèyàn nídìí, àti pé tí wọ́n bá ti rí i lára èèyàn, kórópọ̀n ẹ̀ ni wọ́n máa gé, ó parí, ó di ọ̀dà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé dandan ni ti ìka yẹn? Ṣé ẹni tí nǹkan kan ò ṣe náà gbọ́dọ̀ lọ? Ọgbọ́n wo dẹ̀ lẹ dá fún àwọn bàbá tiyín? Ẹ má sọ pé kí n máa gbàdúrà o, mo ń gbà á.

Láńlọ́ọ̀dù_Párákìn fèsì pé:

Ọmọ mi, o ṣeun tó o gbé e wá síta. Ifẹ̀ lèmi wà, mo ti lé ní 55, mo ti ṣe é, mo ṣì ń ṣe é.

Jẹ́ kí n ti ibi ìka yẹn bẹ̀rẹ̀ torí ibẹ̀ ni gbogbo ọkùnrin ti ń sá. Àyẹ̀wò tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀jẹ̀ ni, PSA ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ lápá ẹ, o máa lọ sílé ẹ, ó tán. Àwọn dókítà kan máa ń fẹ́ fọwọ́ kàn án pẹ̀lú, àwọn kan á dúró títí èsì ẹ̀jẹ̀ á fi jáde kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó yẹ. Tó o bá lóò fẹ́ ti ìka, kò sẹ́ni tó máa fi tipá mú ẹ, wọ́n á ṣe ti ẹ̀jẹ̀ nìkan. Tèmi, mo gbà. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó fi nǹkan tó ń yọ̀ sí i, ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí n ká orúnkún, kí n tó ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run dé ààbọ̀ ó ti ṣe tán. Kò dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́, ara mi ṣe ṣìọ̀, àmọ́ kò dùn mí rárá. Mo wọ ṣòkòtò mi, mo lọ síbi iṣẹ́. Mi ò dẹ̀ rí ohun tó yí padà nínú jíjẹ́ ọkùnrin mi, ẹ bi ìyàwó mi.

Ní ti bó o ṣe máa bá bàbá sọ ọ́: ìwọ má sọ ọ́ mọ́. Kì í ṣe pé o ò gbọ́n o, ṣùgbọ́n bàbá Ìjẹ̀ṣà tó tún jẹ́ tíṣà ò lè jókòó kí ọmọ tó bí lóbìnrin máa kọ́ ọ ní nǹkan abẹ́ ara ẹ̀. Wá ọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti dẹ́rù bà á náà ni kó o ti lọ tú u, ìyẹn mítíǹgì láńlọ́ọ̀dù ọ̀hún. Bá alága wọn tàbí akọ̀wé sọ̀rọ̀, kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kan wá níjọ́ mítíǹgì, kí ẹnì kan tó ti ṣe é láàárín wọn dẹ̀ dìde kó sọ pé òun ti ṣe é. Níbi tiwa níbí, bàbá kan tó jẹ́ àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pariwo pé "ìka mélòó, Bàbá?", lẹ́yìn mítíǹgì ni àwọn tó rẹ́rìn-ín jù wá ń fà á sí kọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi í pé níbo ló ti ṣe é, èló ni. Àwọn ọkùnrin fẹ́ ṣe é o. Wọn ò kàn fẹ́ kẹ́nì kan mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn ni.

Owó ẹ̀ dẹ̀ rè é, PSA nìkan ò tó owó aṣọ ẹbí tí wọ́n ń dì lé wa lórí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ń rà á, a ò sọ̀rọ̀.

Ìjẹ̀ṣà ni yín ṣáà, ẹ̀yin lẹ ni òṣómàáló. Ẹ lóṣòó tì í.

Ewé_ńjẹ́ fèsì pé:

Ẹ máa dẹ́rù ba àwọn bàbá yín lọ. Àwọn baba ńlá wa ò ṣe PSA, wọ́n dẹ̀ gbó, wọ́n tọ́. Mi ò sọ̀rọ̀ òpè o, mo ti kà nípa ẹ̀. Ní 2012, ìgbìmọ̀ tó ń gba àwọn dókítà Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò jáde, wọ́n ní kí wọ́n yé ṣe PSA fẹ́ni tí nǹkan ò ṣe, torí ó ń jẹ́ kí wọ́n máa gbé àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ò ní pa wọ́n láéláé lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ṣé àwọn yẹn náà ò kàwé ni? Ẹ wo Biden, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, dókítà yí i ká tọ̀sán tòru, ní 2025 ni wọ́n sọ fáráyé pé ó ní in, ó dẹ̀ ti wọ eegun. Kí wá ni gbogbo dókítà yẹn ṣe fún un? Bàbá kan wà lọ́nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tó ń fún àwọn èèyàn ní egbò igi, ìtọ̀ wọn dẹ̀ ń ṣàn. Ẹ fi bàbá sílẹ̀ kó máa jẹ iyán ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Lágere fèsì pé:

Mo ti ń ka á bọ̀ látàárọ̀, mo fẹ́ dákẹ́, àmọ́ ọ̀gbẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn yìí ò jẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa 2012 yẹn, òótọ́ ni, ẹ ò kàn parí ìtàn yẹn ni. Ìgbìmọ̀ yẹn kan náà yí i padà ní 2018, wọ́n ní kí ọkùnrin ọmọ ọdún 55 sí 69 jókòó ti dókítà ẹ̀ kí wọ́n jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kó tó pinnu, wọ́n dẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewu aláwọ̀ dúdú àti ti ẹni tó ní in nílé pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ rántí pé òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n gbé ìpinnu yẹn lé. Ní Amẹ́ríkà, nínú ọkùnrin 8, 1 ló máa ní in láyé ẹ̀, tó bá jẹ́ dúdú, 1 nínú 6 ni. Nílùú Ọba, 1 nínú dúdú 4. Níbí ní Nàìjíríà, kò sí jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin tó o. Ti Biden tẹ́ ẹ mú wá yẹn tiẹ̀ tún gbè mí lẹ́yìn: ìgbìmọ̀ yẹn ló ní kí wọ́n má yẹ ẹni tó ti pé 70 wò mọ́, PSA tó ṣe kẹ́yìn tí àwọn èèyàn ẹ̀ sọ fáyé, 2014 ni. Ẹni tí wọn ò yẹ̀ wò mọ́ lẹ fi ń ṣàpẹẹrẹ pé àyẹ̀wò ò wúlò.

Ó wá kan ti "ìtọ̀ wọn ń ṣàn", torí ohun tí bàbá Ọmọ_Ìsọ̀kún náà ń sọ nìyẹn, ibẹ̀ dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Prọ́sítéètì wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ó yí páìpù ìtọ̀ ká bí kíláápù tí mẹkáníìkì fi ń de họ́ọ̀sì. Tí ọkùnrin bá ń dàgbà, apá inú tó kan páìpù ló máa ń wú, á wá fún páìpù pa, ìtọ̀ ò ní tètè bẹ̀rẹ̀, á máa dá dúró, á máa kán tó-tó, èèyàn á máa jí lóru ṣáá. Ìyẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ, wíwú lásán ni, oògùn dẹ̀ wà fún un. Jẹjẹrẹ ní tiẹ̀, apá ẹ̀yìn lóde lọ́hùn-ún ló sábà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí ò kan páìpù rárá. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ bàbá fi lè máa lọ geere kí nǹkan ọ̀hún dẹ̀ máa dàgbà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tí ìka dókítà fi lè bá a, torí apá ẹ̀yìn yẹn ló kọjú sí ìdí. Tó bá fi máa di pé ẹ̀yìn ń roni, ìbàdí ń roni, ẹsẹ̀ ò gbéni mọ́, ó ti kúrò nílé ẹ̀, ó ti wọ eegun. Làkúrègbé làwọn ọkùnrin wa sì máa ń pe ìyẹn, tàbí jẹ̀díjẹ̀dí. Mi ò bá ewé jà o, ìyá mi gan-an ń se agbo. Ṣùgbọ́n egbò tó mú kí ìtọ̀ ṣàn, apá inú ló ṣiṣẹ́ fún tó bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́, kò sọ nǹkan kan fún wa nípa apá ẹ̀yìn yẹn.

PSA yẹn, nǹkan tí prọ́sítéètì ń ṣe jáde ni, díẹ̀ máa ń jò wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ lábù ló ń fi 4 ṣe ààlà. Àmọ́ ẹni tó ní 5 ò tíì ní jẹjẹrẹ nìyẹn, ẹni tó ní 3 náà ò tíì bọ́. Wíwú lásán lè gbé e sókè, kòkòrò inú ìtọ̀ lè gbé e sókè, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń tún un ṣe kí wọ́n tó sọ pé ó di sikáànì MRI tàbí biopsy, ìyẹn kí wọ́n mú ẹran tíntín níbẹ̀ lọ wò. Ẹ tọ́jú bébà èsì yín o! Mo bẹ yín. Dókítà fẹ́ rí bó ṣe ń lọ látọdún dé ọdún, àwọn bàbá á wá ní "wọ́n ti ṣe é fún mi rí, wọ́n ní kò sí nǹkan", bébà dà, kò sí. Èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, tó máa ń yọ ìlà, ó sàn ju kéèyàn má ṣe rárá lọ, àmọ́ kì í ní nọ́ńbà, ẹ lọ ṣe èyí tó ní nọ́ńbà ní lábù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló ń bí mi nínú jù. Họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí, dókítà kan tó ń jẹ́ Charles Huggins ló fi í hàn ní 1941, ó dẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966 torí ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ti tàn ká ara ẹ̀, àfi kí wọ́n gé họ́mọ́ọ̀nù yẹn kúrò, bóyá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí á máa gbà léraléra, bóyá kí wọ́n yọ kórópọ̀n ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí abẹ́rẹ́ yẹn wọ́n, ọ̀pọ̀ ò lè ra á. Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó dé ni wọ́n sábà máa ń ṣe ìyẹn fún. Ẹni tó tètè dé, tó bá jẹ́ èyí tí ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n lè kàn máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan, tó bá dẹ̀ jẹ́ èyí tó le, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán wò ó. Mi ò ní tàn yín, iṣẹ́ abẹ yẹn náà lè pa okun ọkùnrin lára, ìtọ̀ náà lè máa jò, ẹ béèrè gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Àmọ́ bàbá tó ń tìtorí ọ̀dà sá fún àyẹ̀wò, ibi tí ọ̀dà wà gan-an ló ń sá lọ.

Tó bá jẹ́ onígbàgbọ́ ni wọ́n, ẹ sọ ti Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu ti South Africa fún wọn. 1997 ni wọ́n rí i lára wọn, 2021 ni wọ́n kú, ẹni 90 ọdún.

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀dákẹ́kẹ́ fèsì pé:

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ jàre. Ẹ jẹ́ kí n sọ tàwa ìyàwó náà. Baálé mi ò gbọ́ tèmi, kò gbọ́ tọmọ, kò gbọ́ ti pásítọ̀. Àmọ́ ó máa ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ wò, ìyẹn kì í jẹ́ kó yẹ̀. Mo kàn sọ fún dókítà tó ń rí i, mo ní ẹ bá mi fi èyí kún un. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, dókítà sọ fún un pé Bàbá, mo fẹ́ kọ ti prọ́sítéètì mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ kan náà la máa fà, ṣé ẹ gbà? Ọkùnrin tó ti ń bá mi jà láti ọjọ́ tó pẹ́, ó ní "ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáà ni, ẹ kọ ọ́." Ẹnu yà mí! Nítorí náà ẹ wá ohun tí bàbá ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ má fi ṣe é lẹ́yìn wọn o, tó bá wá mọ̀ nígbà tó yá ẹ ò ní lè sọ nǹkan kan fún un mọ́ láyé.

Kẹ́ ẹ dẹ̀ gbé oúnjẹ dání, ìdúró ọsibítù ìjọba, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ewé_ńjẹ́ fèsì pé:

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́, ti páìpù yẹn yé mi, mi ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò lówó MRI ńkọ́? Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹ máa kó ìpayà bá a, ẹ máa wá ní kó lọ mú owó tí ò ní wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ibí, pẹ́ńṣọ̀n ni wọ́n gbójú lé, pẹ́ńṣọ̀n ọ̀hún dẹ̀ rè é.

Ọmọ_Ìsọ̀kún fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi ti Láńlọ́ọ̀dù_Párákìn ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó ní òun mọ akọ̀wé mítíǹgì wọn, òun á lọ bá a. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà bọ́ sí i fún wa torí bàbá mi ń lo oògùn ẹ̀. Bàbá àgbà tó lọ yẹn, ọmọ ìyá ọmọ bàbá ni wọ́n, mo rí i pé Nọ́ọ̀sì mẹ́nu ba ẹni tó ní in nílé. Àbúrò mi yẹn ńkọ́, ẹni 41 ni, ṣé kò tíì yá jù fún òun? Ṣé wọ́n dẹ̀ máa gbààwẹ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yìí?

Nọ́ọ̀sì_Lágere fèsì pé:

Ewé_ńjẹ́, ọ̀rọ̀ owó yẹn, òótọ́ lẹ sọ, mi ò lè bá yín jiyàn lórí ẹ̀. Ohun tí mo ń rí ni pé ẹni tó pẹ́ kó tó dé ló ń ná jù, torí tiẹ̀ kì í tán, abẹ́rẹ́ lónìí, ẹ̀jẹ̀ lọ́la, rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn dẹ̀ wà tí PSA wọn máa wálẹ̀, tí wọn ò ní dé ibi MRI láéláé. Ẹni tó bá ní káàdì ìlera ìjọba, kó béèrè ohun tó gbà kó tó san kọ́bọ̀.

Ọmọ_Ìsọ̀kún, bàbá yín gan-an lewu ẹ̀ súnmọ́ jù torí ọmọ ìyá ni wọ́n. Ti àbúrò yín, kò tíì yá jù o. Prostate Cancer Foundation ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ ní 2024 pé kí ọkùnrin dúdú ṣe PSA àkọ́kọ́ ẹ̀ láàárín 40 sí 45, kó lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá wálẹ̀ gan-an, dókítà á sọ ìgbà tó yẹ kó padà wá. Ẹ wò ó náà bóyá ẹnì kan ní jẹjẹrẹ ọmú nílé ìyá yín tàbí ti bàbá yín, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, torí àbùdá kan wà tí wọ́n ń pè ní BRCA2, tọkùnrin tobìnrin ló ń bá jà, inú ìdílé ló dẹ̀ máa ń rìn.

Kò sí ààwẹ̀, kí wọ́n jẹun wọn, àfi tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ṣúgà wò pẹ̀lú ẹ̀. Kí wọ́n má bá obìnrin sùn fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n má dẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láàárín ọjọ́ yẹn, ó lè ti nọ́ńbà yẹn sókè. Tí ìtọ̀ bá ń ta wọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn, kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fà kí dókítà tó fọwọ́ kan ibẹ̀. Ẹni tó bá ń lo finasteride tàbí dutasteride, oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tó ní wíwú, kó sọ ọ́ o, torí ó máa ń gé PSA sí ìdajì, dókítà á rí 3, 6 ló dẹ̀ yẹ kó wà lọ́kàn ẹ̀. Agbo náà, kí wọ́n sọ ọ́, a ò ní bínú.

Fún Iléṣà, ọsibítù Wesley Guild wà ńlẹ̀, abẹ́ OAUTHC, ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kan náà tó ni tiwa ní Ifẹ̀ ló wà. Ẹ béèrè níbi gbígba káàdì ọjọ́ tí àwọn dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ máa ń jókòó kí bàbá tó kúrò nílé, kí wọ́n má baà lọ lọ́jọ́ tí kò sí ẹnì kankan, torí bí ẹni tó ń bínú lọ bá débẹ̀ tí wọ́n ní kó padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má retí ẹ̀ mọ́.